Omi Tí Ó Tòrò, Omi Tí Ó Mọ́

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà nínú èdè wa tí a máa ń fi dípò ara wọn nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa omi: tòrò àti mọ́. Omi tí ó tòrò ni omi tí ìdọ̀tí rẹ̀ ti rọlẹ̀, tí a lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi tí ó mọ́ ni èyí tí kò ní pa ẹni tí ó bá mu ún lára. Mo gbà pé púpọ̀ nínú ìyà tí sòbìà fi jẹ àwọn ará abà tí ó yí Ìbàdàn ká wá láti inú àlàfo tí ó wà láàrin ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ẹni tí ó bá gbé abà ní ìhà Akínyẹlé tàbí Lágelú nígbà èwe mi yóò rántí rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí odò bá fà, kòtò omi kan ṣoṣo ni gbogbo abà ń pọn. Ní ilé kan tàbí òmíràn, bàbá kan á na ẹsẹ̀ sílẹ̀, a ó máa fi igi tín-ín-rín ká aràn funfun jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Aràn náà lè gùn tó mítà kan. Bí ó bá já, ẹsẹ̀ yóò wú, oko ọdún náà sì lè bàjẹ́. Ní ọdún 1977, Ọládélé Kale ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí jáde lórí sòbìà ní agbègbè Ìbàdàn. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ ti ń rí tipẹ́ wá di ohun tí àwọn dókítà kà.

Àwọn àgbà wa kò gọ̀. Wọ́n ní kí sòbìà tó degbò, olúgànbe ni à á ké sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí òwe náà ti bẹ̀rẹ̀: àrùn ti wọ ara ná. Kò dárúkọ omi rárá, kò sì yẹ kí ó yani lẹ́nu. Inú kòkòrò wínníwínní kan nínú omi ni ọmọ sòbìà ń gbé. Fedchenko, ará Rọ́ṣíà, ni ó ṣàlàyé èyí ní ọdún 1870. Ẹni tí ó bá mu kòkòrò náà yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún bí ọdún kan kí aràn tó yọ. Bí ó bá wá ti ẹsẹ̀ náà bọ omi, aràn á tu àwọn ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. Ta ni yóò so omi èṣí mọ́ ẹsẹ̀ tí ó ń dun òun lónìí?

Ní Ìdèrè, ní Ìbàràpá, William Brieger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn bá èrò mìíràn pàdé: ọ̀pọ̀ gbà pé inú ara gbogbo ènìyàn ni sòbìà wà, bí iṣan. Ẹni tí ó bá gba èyí gbọ́, kí ni ìwàásù nípa omi fẹ́ ṣe fún un? Bí a bá ní kí obìnrin máa se omi, ta ni yóò ṣẹ́ igi? Bí a bá sì ní omi ìlú kò dára, a ti bú àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀.

Ohun tí ó ṣiṣẹ́ ni kí ojú rí i. Olùkọ́ni ìlera á bu omi kòtò sínú ìgò funfun, á gbé e sókè sí oòrùn, á sì ní kí àwọn ènìyàn wò ó fúnra wọn. Nínú omi tí gbogbo wọn ti ní ó tòrò, ohun kékeré kan ń ta pọ́ún-pọ́ún. Lẹ́yìn náà ni yóò fi aṣọ sẹ́ omi náà, wọn á tún wò ó. Kò sí ohun tí ó ń ta mọ́. Ní Ìdèrè, ní àwọn ọdún 1980, àwọn ará ìlú fúnra wọn ni ó ń rán aṣọ asẹ́ náà, tí wọ́n sì ń tà á. Mo ka èyí sí pàtàkì ju ìgò lọ, nítorí ohun tí aládùúgbò ẹni rán kì í ṣe ohun àlejò mọ́.

Ìkànìyàn òpin àwọn ọdún 1980 rí aláìsàn sòbìà tí ó lé ní 650,000 ní Nàìjíríà. Àjọ Carter bá ìjọba ṣiṣẹ́. Láti ọdún 1999 ni Ọ̀gágun Yakubu Gowon ti ń lọ sí àwọn abúlé tí ó ṣẹ́kù. Ìpínlẹ̀ Enugu ni a ti rí ẹni ìkẹyìn, ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, àjọ ìlera àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní ọdún 2013 pé sòbìà ti kúrò nílẹ̀ wa.

Abà ìgbà náà ti di ilé alájà lónìí. Ìgboro ti gbé ìletò mì ní Ẹgbẹ́dá àti Lágelú, kànga àti ṣáláńgá sì wà nínú ọgbà kan náà. Ọ̀tá tí ó wà níbẹ̀ kò ṣeé gbé sí oòrùn: kò sí ojú tí ó lè rí kòkòrò onígbáméjì tàbí ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Síbẹ̀, a lè mú kí ìgò sọ̀rọ̀. Ní Íńdíà, ní ọdún 1982, Manja àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìgò kan jáde tí a ń fi èròjà sí. Bí ìgbẹ́ bá ti kan omi inú rẹ̀, omi náà sábà máa ń dúdú láàrin ọjọ́ kan sí méjì. Mi ò tíì rí i kí ẹnikẹ́ni gbé irú rẹ̀ dé iwájú àwọn onílé tí mo mọ̀.

Ní Ẹgbẹ́dá, mo bá ìyá àgbà kan ní etí kànga rẹ̀, ṣáláńgá kò sì jìnnà sí i ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Mo bi í léèrè bóyá omi náà mọ́. Ó fa korobá jáde, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí mi lójú. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o ò rí bí ó ṣe tòrò ni?”