Ẹyẹ tó ń kọrin ilé tó tọ́ ọ

Ẹ ṣe sùúrù bá mi, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a pé jọ sílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin níbí ní Atlanta. Ọmọkùnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí omi. Bàbá kan mirí, wọ́n ní, "Èyí ti sọnù. Kì í ṣọmọ Yorùbá mọ́." Ẹ̀gbọ́n mi ò fèsì, wọ́n kàn dìde lọ sí kíṣìnì. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn ẹyẹ fún yín.

Ẹyẹ kékeré tí ẹ ń rí lẹ́yìnkùlé yín ní Atlanta, tí orí akọ rẹ̀ pupa bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní ológoṣẹ́, house finch ni. Òun náà kì í ṣe onílẹ̀ níbí o. Ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ló ti wá. Àwọn oníṣòwò kó o lọ sí New York, wọ́n ń tà á nínú àgò, wọ́n ń pè é ní "Hollywood finch". Títà rẹ̀ lòdì sófin. Ní 1940, wọ́n tú díẹ̀ sílẹ̀ ní Long Island. Àwọn yẹn ló bí sí i, tí wọ́n ràn títí dé ọ̀dọ̀ wa.

Ta wá ni finch gan-an? Láyé àtijọ́, ẹnu ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: ẹyẹ kékeré tí ẹnu rẹ̀ nípọn, tó ń fọ́ hóró jẹ. Charles Darwin dé erékùṣù Galápagos ní 1835, ó kó ẹyẹ bọ̀. Ní 1837, John Gould yẹ̀ wọ́n wò ní London, ó ní ọmọ ilé kan ni wọ́n, finch ni wọ́n. Ó gba ìkíní: ọmọ ilé kan ni wọ́n lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí àyẹ̀wò DNA dé, ìdílé tanager ni wọ́n bá wọn. Firefinch pupa tó ń ṣa ọkà lágbàlá nílé ńkọ́? Ìdílé tiẹ̀ tún yàtọ̀ sí ti house finch. Orúkọ kan, ilé mẹ́ta.

Èyí tó kàn wá jù ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹyẹ kan wà tó ń jẹ́ indigobird. Akọ rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí aṣọ aró. Abo rẹ̀ kì í kọ́ ìtẹ́. Inú ìtẹ́ firefinch ló ń yé sí, firefinch á sàba lé e, á sì bọ́ ọmọ náà mọ́ tirẹ̀. Tí akọ bá dàgbà, orin alágbàtọ́ rẹ̀ ló ń sín jẹ. Jürgen Nicolai, ará Jámánì, kọ̀wé lórí èyí ní 1964. Èrò tirẹ̀ ni pé àlejò àti onílé ti jọ ń bọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀: bí onílé bá pín sí méjì, àlejò náà á pín.

Robert Payne, ọ̀jọ̀gbọ́n ní University of Michigan, lọ sí òkè Jos. Orin tí indigobird ibẹ̀ ń sín jẹ ló tọ́ka sí firefinch kan láàárín àpáta, tí ìwé kankan ò tíì dárúkọ. Ní 1998 ló sọ ọ́ lórúkọ: Lagonosticta sanguinodorsalis. Ẹ wò ó, orin ọmọ àgbàtọ́ ló jẹ́ kí wọ́n mọ ilé tó tọ́ ọ!

Payne àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbé ọmọ indigobird fún ẹyẹ míì tọ́, Bengalese finch. Orin Bengalese finch làwọn akọ kọ. Abo tí wọ́n tọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú, akọ tó ń kọ orin yẹn ló yàn. Ní 2003, Michael Sorenson, Kristina Sefc àti Payne gbé àbájáde DNA jáde nínú ìwé ìròyìn Nature: àìpẹ́ yìí làwọn indigobird pín. Kì í ṣe pé wọ́n ń bá onílé bọ̀ láti ayébáyé. Abo kan ló ṣìlẹ̀kùn, ó yé sí ilé míì, àwọn ọmọ kọ́ orin ibẹ̀, wọ́n sì ń fi orin mọ ara wọn títí wọ́n fi di ẹ̀yà ọ̀tọ̀.

Nítorí náà, bàbá yẹn ò purọ́ tán, wọn ò sì sòótọ́ tán. Ẹ̀jẹ̀ kì í sọnù nítorí orin. Ṣùgbọ́n orin tó bá yí, tí kò sẹ́ni tó kọ ti àkọ́kọ́ sétí ọmọ, díẹ̀díẹ̀ ni ilé á fi di méjì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà, mo fẹsẹ̀ gbá àga ní pálọ̀. Kí n tó lanu, ọmọ yẹn ti pariwo láti yàrá: "Pẹ̀lẹ́ o!" Ohùn màmá wa gẹ́lẹ́ ni, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lórí WhatsApp lálaalẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Tí ẹ bá ń pe màmá lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù fún ọmọ.