Síríìsì àti Fíìmù Yorùbá Lórí Ayélujára

Síríìsì orí ayélujára ni eré oníṣe tí a pín sí abala, tí a ń gbé jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ènìyàn sì lè wò lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà nígbà tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Oríṣi ìkànnì méjì ni ó ń gbé irú eré bẹ́ẹ̀ jáde. Èkíní ni èyí tí à ń wò láìsanwó, bí YouTube, tí owó rẹ̀ ń ti ara ìpolówó ọjà wá. Èkejì ni èyí tí à ń sanwó oṣooṣù fún, bí Netflix.

Ibi tí a ti bọ̀

Eré alábala kì í ṣe àjèjì ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìbàdàn ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1959. Láti ibẹ̀ ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ti gbé eré Aláwàdà wọ inú ilé àwọn ènìyàn. Nígbà tí ó ṣe fíìmù Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982, àwọn oníjìbìtì da ẹ̀dà rẹ̀ kọ, wọ́n sì ń tà á kiri; gbèsè ńlá ni ó fi jẹ. Ìyọnu kan náà bá fíìmù kásẹ́ẹ̀tì àti ti díìsìkì fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìdàgbàsókè rẹ̀

Ní ọdún 2011 ni iROKOtv bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ó ń gbé fíìmù Nàìjíríà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa ní òkè òkun. Netflix wọ Nàìjíríà ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2016. Ní ọdún 2022, Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan jáde lórí rẹ̀. Ìgbòjàyè ní Òkè-Ògún, ní ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín, ni wọ́n ti ṣe é. Èdè Yorùbá ni àwọn òṣèré sì ń sọ. Síríìsì rẹ̀ tẹ̀lé e ní ọdún 2024. Ní ọdún kan náà ni House of Ga'a, ìtàn Baṣọ̀run Gáà ti Ọ̀yọ́, jáde.

Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ òkèèrè lè yí ìpinnu rẹ̀ padà. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2024, Amazon Prime Video dáwọ́ dúró láti máa náwó sí eré tuntun ní Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ olóòtú eré Yorùbá ti dá ìkànnì tiwọn sílẹ̀ lórí YouTube, níbi tí kò ti sí alágbàtà láàárín àwọn àti òǹwòran.

Bí owó ṣe ń wọlé

Kí ìkànnì tó lè máa gba ìpín nínú owó ìpolówó orí fídíò gígùn, YouTube béèrè pé kí ó ní olùtẹ̀lé 1,000, kí àwọn ènìyàn sì ti wo fídíò rẹ̀ fún wákàtí 4,000 láàárín oṣù 12. Nínú náírà 100 tí ìpolówó bá mú wọlé, 55 ni ti oníkànnì. Ìpolówó ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n ju ti Nàìjíríà lọ. Nítorí náà, òǹwòran kan ní Lọ́ńdọ̀nù lè mú owó wá ju òǹwòran púpọ̀ nílé lọ.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ mọ̀

Àdéhùn: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó ya àwòrán. Ẹ sọ ẹni tí ó ni ìkànnì, ẹni tí ó ni eré, àti bóyá òṣèré àti ayàwòrán yóò ní ìpín nínú owó tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Fídíò orí ayélujára kì í tán lórí àtẹ. Ó lè máa pa owó fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí òṣèré ti gba owó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta.

Jíjí eré gbé: Copyright Act ti ọdún 2022 fún oní-nǹkan ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé pé kí ìkànnì yọ eré tí a jí gbé kúrò. Àjọ Nigerian Copyright Commission ni ó ń bójú tó òfin náà. Ẹ tọ́jú ìwé eré, àdéhùn àti ojúlówó àwòrán, nítorí àwọn ni ẹ̀rí yín.

Àwọn ọmọdé: Lórí Netflix, òbí lè ṣètò àyè ọ̀tọ̀ fún ọmọ, kí ó sì fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ti ti àgbàlagbà.

Dátà: Wákàtí kan ní àwòrán tí ó mọ́ kedere lè jẹ tó 3 gígábáìtì. Ẹ dín mímọ́ àwòrán kù, tàbí kí ẹ gba eré sílẹ̀ níbi tí Wi-Fi bá wà.