Ìbò 16 Péré: Ìtàn Àsíá Tokelau

Tokelau ló kàn lónìí: erékùṣù mẹ́ta lórí òkun Pàsífíìkì, lábẹ́ New Zealand. Kò ní pápákọ̀ òfurufú. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ láti Samoa. Olú-ìlú pàápàá kò sí. Ọdọọdún ni ìjọba ń ṣí láti erékùṣù kan sí òmíràn.

Lọ́dún 2006, wọ́n dìbò lórí ìṣàkóso ara wọn. Ìdá méjì nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ gbà, kò pé. Wọ́n tún un dì ní 2007, ìbò 16 péré ló dín! Lójú tèmi, òfin yẹn le jù, torí èyí tó pọ̀ jù ló ṣáà fẹ́ ẹ.

Síbẹ̀, wọ́n gba àsíá tiwọn ní 2009: ọkọ̀ onígbòkun aláwọ̀ ìyeyè tó forí lé ìràwọ̀ mẹ́rin, irú ìràwọ̀ tí àwọn atukọ̀ fi ń mọ̀nà lóru.