Àdúrà, Kuníìnì àti Ibojì Àwọn Ọmọdé

Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó nínú kíláàsì ìtàn ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá ti gbọ́ nípa ìjà kuníìnì. Ní ìparí àwọn ọdún 1930, àwọn aṣáájú ìjọ Àpọ́sítélì ní ilẹ̀ wa rí i pé àwọn míṣọ́nnárì tó wá láti Bìrìtéènì ń lo kuníìnì kí ibà má baà pa wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà di iyàn, iyàn di ìjà, ìjà sì di ìpinyà. Apá kan dúró ti àwọn míṣọ́nnárì, òun ni The Apostolic Church títí dòní. Apá kejì ló di Christ Apostolic Church, tí ìjọba fọwọ́ sí orúkọ rẹ̀ ní 1943. Ọ̀rọ̀ àṣẹ àti ẹni tí yóò ṣe olórí wà nínú ìjà náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kuníìnì ni gbogbo ènìyàn rántí.

Àwọn tó ń ka ìwé yìí wá láti ìhà méjèèjì, àti láti inú àwọn ìjọ tó ti ara méjèèjì jáde. Nítorí náà a kò jókòó láti tún ẹjọ́ náà dá. Ìbéèrè kan ni a fẹ́ bi ìtàn náà, èyí tí a kì í sábà bi í nígbà tí a bá ń kọ́ni: kí ló dé tí ibà kan náà, láti ẹnu ẹ̀fọn kan náà, fi ń pa òyìnbó onígbàgbọ́, tí Yorùbá onígbàgbọ́ sì ń dìde lẹ́yìn ọjọ́ méjì? Ìdáhùn tí a máa ń gbọ́ lórí àga ìwàásù ni pé ìgbàgbọ́ àwọn baba wa lágbára ju tiwọn lọ. A bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ náà. Àwa gan-an jẹ nínú èso rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò pé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Ní oṣù kẹsàn-án 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé àrùn influenza dé Èkó, kò sì pẹ́ tí ó fi tàn dé gbogbo ilẹ̀ wa. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ló bá a lọ ní Nàìjíríà. Àwọn dókítà kò ní oògùn kankan tó lè wò ó. A kò tilẹ̀ tíì mọ ohun tó ń fà á. 1933 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó rí kòkòrò rẹ̀ lára ènìyàn. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan, tí J. B. Ṣàdáre jẹ́ aṣáájú wọn, kó ara wọn jọ fún àdúrà, arábìnrin Sophia Ọdúnlámì, tó jẹ́ olùkọ́, sì wà lára wọn. Àdúrà àti omi òjò ni wọ́n fi ń tọ́jú aláìsàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi omi òjò náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná bí iná, tí a fún ní omi tó mọ́ mu, tí a jókòó tì, tí a kò sì sá fún, kò sí ohun tó pọ̀ ju èyí tí ọsibítù ìgbà náà lè ṣe fún un.

Àwọn wọ̀nyí ló kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà ní 1922, tí wọ́n sì dara pọ̀ mọ́ Faith Tabernacle ti ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ìjọ tó kọ gbogbo oògùn pátápátá. Níhìn-ín ni èdè wa ti dá sí ọ̀rọ̀ náà, a kò sì lè fò ó. Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan fún ohun tí dókítà ń fúnni, ó ní òmíràn fún ohun tí a so mọ́ ìbàdí tàbí tí a sin sí ẹnu ọ̀nà. Àwa ní oògùn. Agbo jẹ́ oògùn, ońdè jẹ́ oògùn, ohun tí a fi ń ba ọ̀tá jẹ́ sì jẹ́ oògùn. Ẹni tó bá sọ ní 1925 pé òun ti kọ oògùn sílẹ̀ ń sọ pé òun ti jáde kúrò lábẹ́ babaláwo, kúrò nínú ẹbọ, kúrò nínú ìbẹ̀rù. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá rí ìgò kuníìnì nínú àpótí míṣọ́nnárì, ohun tó ń rí yàtọ̀ sí ohun tí míṣọ́nnárì náà ń rí. Ó ń rí ẹni tó ní kí òun ju ońdè sínú iná, tó sì fi tirẹ̀ pamọ́. A máa ń rò pé bí ẹnì kan nínú wọn bá ti rí ọ̀rọ̀ méjì lò fún nǹkan méjì yìí, ìjà náà ìbá má rí bí ó ti rí.

Ní oṣù keje 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, lábẹ́ Joseph Ayọ̀délé Babalọlá, ọmọ Òdo-Ọwá, tó ti ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀nà kí Ọlọ́run tó pè é ní 1928. Ẹ kíyè sí bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìjọ ti sọ: òkú ọmọdé kan ni Babalọlá gbàdúrà fún, ọmọ náà sì jí. Ọmọdé. A óò padà sí ibẹ̀. Ìtàn kan náà sọ pé àwọn aláìsàn ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà fi ibùsùn wọn sílẹ̀, wọ́n gba Òkè-Ooyè lọ. Nígbà tí inúnibíni wá pọ̀, àwọn aṣáájú pe àwọn ará Bìrìtéènì fún ìrànlọ́wọ́. D. P. Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé ní 1931. George Perfect àti Idris Vaughan tẹ̀lé wọn ní ọdún kejì láti wá máa gbé. Àwọn wọ̀nyí gbà pé Ọlọ́run ń wonisàn, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kuníìnì.

Kuníìnì kì í ṣe àjèjì sí ìtàn ìhìn rere ní ilẹ̀ yìí. Ní 1841, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta wọ Odò Ọya. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoogùn, ẹni tó wá di olórí nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, wà lára àwọn tó bá wọn lọ. Ibà kọlu àwọn òyìnbó; àwọn tó kú lé ní 40, ìrìn àjò náà sì fọ́. Ní 1854, ọkọ̀ Pleiad gba odò kan náà gòkè, Crowther sì tún wà níbẹ̀. Dókítà Baikie, tó jẹ́ olórí, ń fún àwọn òyìnbó ní kuníìnì kí ibà tó mú wọn, kò sì sí ẹyọ kan tó kú nínú wọn.

Wàyí o, àwọn Áfíríkà tó wà nínú ọkọ̀ 1841 ńkọ́? Wọ́n lé ní 100, àwọn atukọ̀ Kru sì wà lára wọn. Ibà náà kò pa wọ́n bí ó ti pa òyìnbó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Kru kò tíì gbọ́ ìhìn rere dáadáa nígbà náà. Bí a bá sọ pé agbára ìgbàgbọ́ nìkan ló dáàbò bo àwọn baba wa ní 1939, kí ni a óò sọ pé ó dáàbò bo àwọn Kru ní 1841?

Ohun tí a mọ̀ lónìí ni pé ara ọmọ tí a bí sí ilẹ̀ ẹ̀fọn a máa kọ́ bí a ti ń bá ibà jà, díẹ̀díẹ̀, ibà kan lẹ́yìn òmíràn. Bí ọmọ náà bá la ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ já, ibà lè máa ṣe é, ṣùgbọ́n kì í sábà pa á mọ́. Òyìnbó tó sọ̀ kalẹ̀ ní Èkó ní ẹni 40 ọdún kò tíì kọ́ ẹ̀kọ́ kankan. Ọmọ ìkókó ni lójú ibà. Àwọn ará wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ èyí lára wọn: wọ́n lo ọdún mẹ́wàá lọ́hùn-ún, wọ́n wá ṣe Kérésì nílé, ibà tí kò tó nǹkan lójú wọn tẹ́lẹ̀ sì gbé wọn dé ọsibítù. Ìgbàgbọ́ wọn kò dín kù. Ara wọn ló ti gbàgbé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ta ló wá san owó ẹ̀kọ́ náà? Àwọn ọmọ tí kò là á já ni. Ẹ wo orúkọ àwọn ènìyàn wa: Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrósinmí, Bánjókòó, Kòsọ́kọ́. Àwọn baba àti ìyá tó ti sin ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin, ló ń sọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ibà nìkan kọ́ ló pa àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ìgbẹ́ gbuuru wà níbẹ̀, àrùn sickle cell náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibà kó ìpín ńlá. Nígbà tí bàbá àgbà ẹni 60 ọdún bá dìde ní ìsìn ìdúpẹ́ pé òun kò fi oògùn kan ẹnu rí, òtítọ́ ló ń sọ, ògo sì ni fún Ọlọ́run tó pa á mọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ láti jẹ́rìí ńkọ́?

Ohun tí a rò pé ó sọnù nínú ìjà náà nìyẹn. Ara àgbàlagbà ni ìhà méjèèjì ń wò. Ẹni tó ń gbèjà kuníìnì ń gbèjà ara míṣọ́nnárì. Ẹni tó ń kọ̀ ọ́ ń fi ara àgbàlagbà tó ti yè ṣe ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ ọmọdé ni ìsọjí náà fi bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Ooyè. Ní ti Ìwé Mímọ́, Aísáyà fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo Hesekáyà lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti ṣèlérí ìwòsàn, Pọ́ọ̀lù sì ro ti inú Tímótì tó ń dà á láàmú. Jòhánù, nínú ìwé rẹ̀ kẹta, gbàdúrà kí ara Gáíù le bí ọkàn rẹ̀ ti ń dàgbà. A ti wàásù ẹsẹ náà títí lórí ọ̀rọ̀ owó, a sì gbàgbé ara tó wà nínú rẹ̀.

Kò jìnnà sí Òkè-Ooyè tí ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọmọdé. Ní 1956, dókítà David Morley dé ọsibítù Wesley Guild tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà, ọsibítù kan náà tí a ní àwọn aláìsàn sá kúrò nínú rẹ̀ ní 1930. Ó ń lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Níbẹ̀ ni ó ti dá kíláníìkì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ń wọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n lóṣooṣù, wọ́n ń fi àmì sí káàdì bí ó ṣe ń tẹ̀wọ̀n sí i. Ìyá ọmọ ni wọ́n fi káàdì náà sí lọ́wọ́, kì í ṣe ọsibítù. Ìyá tí kò mọ̀wé pàápàá lè rí i bóyá ìlà náà ń gòkè tàbí ó ti dúró. Bí ó bá ti dúró, a ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọmọ kí ó tó dùbúlẹ̀. Káàdì náà tàn kárí ayé láti Ìmẹ̀sí-Ilé, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí ni wọ́n sì ti fi irú rẹ̀ wọ̀n rí.

Nàìjíríà nìkan ló ń kó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ nínú gbogbo ikú ibà lágbàáyé, àwọn ọmọ tí kò tíì pé márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà, oògùn tó dára ju kuníìnì lọ fún ibà wà. Síbẹ̀ a ṣì ń gbọ́ ti pásítọ̀ tó ní kí ìyá gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná wá sí ìṣọ́ òru lọ́jọ́ kẹta. Àwa kò bínú sí ìṣọ́ òru. A ó wà níbẹ̀. Ọjọ́ kẹta náà ló ń dùn wá.

Lọ́dún tó kọjá, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ṣí ìwé ìsọmọlórúkọ ìjọ wọn, kí wọ́n sì wo ọmọ mélòó nínú àwọn tí a sọ lórúkọ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ló ti dé ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ọ̀kan nínú wọn padà wá láìní iye kankan. Ó ní ìwé náà ní ojú ìlà fún orúkọ, fún ọjọ́, fún bàbá àti ìyá, àti fún ọrẹ ìdúpẹ́. Kò sí ojú ìlà fún ọmọ tó kú. Ó ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, ó sì ń bi àwọn ìyá.