Ìtàn Tẹ́tẹ́ Eré Ẹṣin, àti Ọgbọ́n Pípín Owó Sórí Ẹṣin Púpọ̀

Ní ọjọ́ kan tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ní ìṣirò pípín, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dàgbà díẹ̀ dìde, ó sì bi wá ní ìbéèrè tí a kò retí. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, bí ènìyàn bá ta tẹ́tẹ́ lórí ẹṣin kan, ó lè pàdánù. Ṣùgbọ́n bí ó bá pín owó rẹ̀ sórí gbogbo ẹṣin tí ń sáré, ǹjẹ́ kò ní jèrè dandan?” Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwa kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìbéèrè náà dàgbà ju ọmọ náà lọ. Àwọn àgbà wa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn kan náà ni wọ́n sì wí pé ẹni tí ó lé eku méjì yóò pòfo. Èwo nínú òwe méjèèjì ni ó bá ọ̀ràn ẹni tí ń ta tẹ́tẹ́ mu? Ẹ jẹ́ kí a bi ìtàn léèrè.

Ní ọdún 1780 ni a kọ́kọ́ sá eré ìje tí a ń pè ní Derby ní Epsom, ìlú kan tí kò jìnnà sí London. Orúkọ oyè ìjòyè kan, Earl of Derby, ni a fi sọ ọ́. Ní àtètèkọ́ṣe, àwọn tí ó ni ẹṣin ni ó sábà máa ń bá ara wọn ta tẹ́tẹ́, olúkúlùkù lórí ẹṣin tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rúndún 18 tó parí, irú ènìyàn mìíràn ti yọjú sí pápá Newmarket. Ọkùnrin yìí kò ní ẹṣin, kò sì bìkítà nípa èyí tí yóò borí. Ó ń gba tẹ́tẹ́ lórí gbogbo wọn, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Owó àwọn tí ó pàdánù ni ó fi ń san fún àwọn tí ó jẹ. Ìyókù sì di tirẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó pín ewu sórí ẹṣin púpọ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n.

Ẹni tí kò mọ ọgbọ́n náà ni ìjòyè ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Marquess of Hastings. Ní ọdún 1864 ó gbé Lady Florence Paget níyàwó, ẹni tí ó jẹ́ àfẹ́sọ́nà Henry Chaplin. Chaplin ni ó ni ẹṣin kan tí ń jẹ́ Hermit, tí a fẹ́ fi sá Derby ti ọdún 1867. Nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dà ní imú ẹṣin náà, gbogbo ènìyàn sì rò pé ó ti parí fún un. Ìrètí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá fi pọ́n-ùn 15 lé Hermit yóò jẹ pọ́n-ùn 1,000. Hastings sì fi owó ńláńlá lé e pé Hermit kò ní borí láéláé. Ní ọjọ́ eré náà, ìrì dídì ń bọ́, òtútù sì mú. Ṣùgbọ́n Hermit sáré, ó sì fi díẹ̀ borí. Pọ́n-ùn 120,000 ni Hastings pàdánù ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó ta ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀ ní Scotland, ó sì kú ní oṣù November 1868, ní ẹni ọdún 26. Kò bí ọmọ, oyè náà sì parí sí orí rẹ̀.

Ní ọdún 1867 kan náà, ní Paris, Joseph Oller, ọmọ Catalonia, gbé ọ̀nà tuntun kalẹ̀ tí a ń pè ní pari-mutuel. A ó kó owó gbogbo ènìyàn jọ sí ojú kan. Ẹni tí ó ni ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ mú ìpín tirẹ̀, àwọn tí ẹṣin wọn borí yóò sì pín ìyókù. Ní ọdún 1891 ni òfin ilẹ̀ Faransé fi àṣẹ sí i ní pápá eré ẹṣin.

Níhìn-ín ni a ti lè dá ọmọ wa lóhùn. Ká ní ẹṣin mẹ́ta ni ó ń sáré, gbogbo owó tí a kó jọ sì jẹ́ náírà 100: 50 lórí èkíní, 30 lórí èkejì, 20 lórí ẹ̀kẹta. A mú 10 kúrò, ó ku 90. Bí èkíní bá borí, náírà 1 yóò di náírà 1 àti kọ́bọ̀ 80. Bí ó bá jẹ́ èkejì, yóò di 3. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀kẹta, yóò di 4 àti kọ́bọ̀ 50. Ọlọ́gbọ́n kan nínú wọn ní náírà 10. Ó fi 5 lé èkíní, 3 lé èkejì, 2 lé ẹ̀kẹta. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹṣin yòówù kí ó borí, náírà 9 ni yóò gbà. Ó ti lé ewu lọ nítòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti lé èrè lọ pẹ̀lú. Àdánù tí ó lè wáyé ni ó fi ra àdánù tí ó dájú.

Ẹ̀rọ pàápàá wọ inú ọ̀ràn yìí. George Julius, ọmọ bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà kan ní New Zealand, ṣe ẹ̀rọ kan láti fi ka ìbò. Ìjọba kò gbà á. Ó tún un ṣe fún kíka owó tẹ́tẹ́, a sì kọ́kọ́ lò ó ní pápá Ellerslie, ní Auckland, ní ọdún 1913. Ohun tí a dá fún ìbò òtítọ́ di ẹrú ẹṣin.

Àwọn Òyìnbó mú eré náà dé Èkó. Pápá eré ẹṣin ibẹ̀ ni a ti fa àsíá òmìnira Nàìjíríà sókè ní October 1960. Ibẹ̀ náà ni ó di Tafawa Balewa Square. Ẹṣin ti lọ, ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́ kò lọ. Lónìí, orí bọ́ọ̀lù ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń ta á. Wọ́n a kó ìdíje mẹ́rin pọ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n a sì rò pé àwọn ti pín ewu. Wọn kò pín in, wọ́n sọ ọ́ di púpọ̀ ni. Nítorí bí ọ̀kan bá yẹ̀, gbogbo rẹ̀ yẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní ìrètí ìdajì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìrètí ẹ̀ẹ̀kan péré nínú 16.

Òwe méjèèjì nígbà náà kò ta ko ara wọn. Àgbẹ̀ tí ó gbin iṣu, tí ó gbin àgbàdo, tí ó sì gbin ẹ̀gẹ́, ó mọ̀ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, nítorí pé ilẹ̀ ń mú ohun tuntun jáde fún un. Ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́ kì í mú ohunkóhun jáde. Owó tí a kó wá nìkan ni a ń pín, lẹ́yìn tí onílé bá ti bu tirẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá bi yín ní irú ìbéèrè yìí, ẹ má ṣe nà án. Ẹ fún un ní ṣọ́ọ̀kì, kí ó ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀ lójú pátákó.