Láti Orí Àmì Àsomọ́ dé Àpèjúwe Irin-iṣẹ́: Ìtàn Kúkúrú

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ yóò di odindi. Ohun tí ó mú kí òwe yìí ṣe é gbára lé ni pé ẹni tí ó sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ó gbọ́ ọ jọ mọ àṣà kan náà. Irú ìmọ̀ àjọní bẹ́ẹ̀ kò ṣe é fọkàn tẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Iṣẹ́ yìí dá lórí bí àwọn tí ó ṣe lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ṣe kọ́ láti sọ odindi ọ̀rọ̀ nípa àsomọ́, ìyẹn ìwé, àwòrán tàbí ohùn tí a so mọ́ lẹ́tà. Àti bí ẹ̀kọ́ náà ṣe tún jẹ yọ lásìkò àwọn aṣojú ọgbọ́n àtọwọ́dá. Ètò kọ̀ǹpútà ni aṣojú bẹ́ẹ̀: ó ń gba iṣẹ́ lẹ́nu ènìyàn, ó sì ń fúnra rẹ̀ yan irin-iṣẹ́ tí yóò fi ṣe é.

Àsomọ́ tí kò ní àmì

Ní 1971 ni Ray Tomlinson fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lórí ARPANET. Ọ̀rọ̀ lásán ni irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lè gbé. Ìlànà RFC 822 tí ó jáde ní 1982 kò fi àyè gba ju àmì 128 ti ASCII lọ. Kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú wọn, kí a má tilẹ̀ sọ ti àmì ohùn. Lóòótọ́, Mary Ann Horton ti ṣe uuencode ní Yunifásítì California ní Berkeley ní 1980, èyí tí ó ń sọ fáìlì yòówù di àmì ASCII. Ṣùgbọ́n orúkọ fáìlì àti irú àyè tí a fún ẹni tí yóò lò ó nìkan ni ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ń sọ. Kò sọ bóyá ìwé ni, àwòrán ni, tàbí ohùn.

Ìlànà MIME

Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 1992, Nathaniel Borenstein tí ó wà ní Bellcore nígbà náà fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ tí ó gbé àwòrán àti orin ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà ni òun àti Ned Freed gbé RFC 1341 jáde, èyí tí ó fi ìlànà MIME lélẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìlà tí ń jẹ́ Content-Type ti ń sọ irú ohun tí àsomọ́ jẹ́: text/plain fún ọ̀rọ̀ lásán, image/gif fún àwòrán, application/octet-stream fún ohun tí a kò lè tọ́ka sí irú rẹ̀. Ìlà kan náà lè sọ irú àkójọ lẹ́tà tí a fi kọ ọ̀rọ̀, èyí sì ni ó la ọ̀nà fún àwọn èdè tí ASCII kò gbà. Ìlànà náà tún pèsè Content-Description, níbi tí ènìyàn lè ti ṣàpèjúwe àsomọ́ bí ó bá fẹ́.

Ní oṣù Karùn-ún 2000, ó hàn pé àmì lè tan ni jẹ. Àsomọ́ kan tàn káàkiri àgbáyé tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs. Àṣà Windows ni láti fi ìparí orúkọ tí ó bá mọ̀ pamọ́, nítorí náà TXT ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rí. Wọ́n rò pé lẹ́tà ìfẹ́ ni wọ́n ń ṣí, àṣé àṣẹ fún kọ̀ǹpútà ni. Ó ba fáìlì jẹ́, ó sì fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àdírẹ́sì ẹni tí ó ṣí i.

Àpèjúwe irin-iṣẹ́ fún aṣojú

Ní oṣù Kẹfà 2023, OpenAI fún àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà láti júwe irin-iṣẹ́ fún ẹ̀rọ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2024, Anthropic gbé Model Context Protocol jáde. Nínú ìlànà méjèèjì, orúkọ irin-iṣẹ́, àpèjúwe rẹ̀ àti àlàyé ohun tí a gbọ́dọ̀ fún un ni aṣojú ń rí. Kì í rí inú irin-iṣẹ́ náà. Ohun tí ó jẹ́ ìfẹ́-inú ẹni ní 1992 ti wá di òpómúléró.

Bí àpèjúwe bá kàn ní "Ka àsomọ́", àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Aṣojú lè fi àwòrán sí i, tàbí kí ó gba òfo padà kí ó sì sọ fún oníṣẹ́ pé ìwé náà kò ní nǹkan nínú. Odindi ọ̀rọ̀ yóò rí báyìí: "Irin-iṣẹ́ yìí ń mú ọ̀rọ̀ jáde láti inú àsomọ́ PDF tàbí DOCX kan ṣoṣo. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ àsomọ́ ni kí o fún un, kì í ṣe orúkọ fáìlì. Kò lè ka ìwé tí a yà ní fọ́tò. Bí ó bá bá irú rẹ̀ pàdé, yóò sọ pé òun kò rí ọ̀rọ̀ kà. Kì í yí ìwé padà, kì í sì í pa á rẹ́."

Ó tún ku ewu kan. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, Simon Willison fún un ní orúkọ, prompt injection: ọ̀rọ̀ inú ìwé tí aṣojú ń kà lè di àṣẹ lójú rẹ̀. Ó yẹ kí àpèjúwe sọ pé ohun kíkà ni ọ̀rọ̀ inú àsomọ́. Síbẹ̀, àpèjúwe nìkan kò tó ààbò. Irin-iṣẹ́ tí ń kàwé kò gbọdọ̀ ní agbára láti fi lẹ́tà ránṣẹ́ láìgba àṣẹ.

Ohun tí ó kan èdè Yorùbá

Ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode. Ẹ ni a ń kọ́kọ́ kọ, kí a tó fi àmì ohùn lé e. A sì tún lè kọ ọ́ láti ara e, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Fún irin-iṣẹ́ tí ń wá ọ̀rọ̀, wọ́n lè yàtọ̀. Bí irin-iṣẹ́ mìíràn bá sì ń gé àmì kúrò, ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ yóò di oko, tí í ṣe ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Aṣojú tí a kò sọ èyí fún yóò túmọ̀ ìwé ẹni lódì, kò sì ní mọ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí fi hàn pé àsomọ́ nílò àmì tí ó sọ irú ohun tí ó jẹ́, pé àmì nìkan kì í ṣe ẹ̀rí, àti pé ẹni tí kò lè wo inú irin-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí ó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Iṣẹ́ onímọ̀ èdè ni kíkọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ó ti jẹ́ iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ. Bí àwọn tí ó mọ iyì àmì ohùn kò bá dá sí i, ẹlòmíràn ni yóò pinnu bóyá kí àmì náà wà tàbí kí ó má sí.