Griffith Kọ́ Ló Kọ́kọ́ Ṣe É

Bí ìtàn sinimá bá ti délẹ̀ báyìí, wọn a ní D. W. Griffith, ará Amẹ́ríkà nì, ló kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà sún mọ́ òṣèré títí ojú onítọ̀hún fi kún gbogbo ojú sinimá. Irọ́ ni, a sì mọ ibi tó ti jáde. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1913, kò pẹ́ tí Griffith kúrò ní iléeṣẹ́ fíìmù Biograph, ìpolówó kan jáde nínú ìwé ìròyìn New York Dramatic Mirror. Ó to ọgbọ́n iṣẹ́ fíìmù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní Griffith ló dá wọn sílẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi tán. Biograph kì í kọ orúkọ olùdarí sára fíìmù nígbà náà, ẹni tó sì ti ṣe fíìmù kéékèèké tó lé ní irinwó fún wọn yóò fẹ́ káyé mọ òun. Ṣùgbọ́n ta ló ń polówó ọjà tí í yin ti ẹlòmíì?

Ní 1900, George Albert Smith ti ṣe fíìmù Grandma's Reading Glass nílùú Hove, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọdékùnrin kan gba awò tí ìyá àgbà fi ń kàwé, ó ń fi wo inú aago, ó ń fi wo ẹyẹ, ó ń fi wo ọmọ ológbò. Ó tún gbé e sójú ìyá àgbà fúnra rẹ̀. Ẹyinjú kan ṣoṣo ni à ń wò, ó tóbi rangandan, ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kí la fẹ́ pe ìyẹn?

Wọ́n tún máa ń tọ́ka sí The Lonely Villa tí Griffith ṣe ní 1909: olè ń fọ́lé, ìyá àtàwọn ọmọ há sínú yàrá, bàbá tó gbọ́ lórí fóònù ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, fíìmù sì ń gé lọ gé bọ̀ láàárín wọn. Iléeṣẹ́ Pathé ti ilẹ̀ Faransé ti ṣe irú ìtàn yìí gan-an, tòun ti fóònù inú rẹ̀, ní 1908.

Ohun tó jẹ́ ti Griffith ni mímọ àsìkò. Ẹyinjú tí Smith fi hàn, ìran wíwò lásán ni. Ní ti Griffith, bí ojú èèyàn bá wọlé, ohun tó ń rò nínú ló ń sọ. Nínú Intolerance, ní 1916, ó lọ́ ìtàn mẹ́rin láti ìgbà mẹ́rin pọ̀, láti Bábílónì títí dé Amẹ́ríkà ìgbà tirẹ̀, ó sì ń gé e yára sí i bó ṣe ń parí lọ. Kuleshov àti Eisenstein, àwọn olùdarí fíìmù ní Rọ́ṣíà, kọ́gbọ́n níbẹ̀. Àmọ́ ọgbọ́n yìí náà ló fi gbé àwọn Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun tó ń fìyà jẹ aláwọ̀ dúdú, ga bí akọni nínú The Birth of a Nation, ní 1915, tí NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, fi dìde ta kò ó. Kò yẹ ká yọ ìyẹn kúrò nínú ìwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni níṣẹ́ fíìmù, ti Smith kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi han àwọn ọmọ iṣẹ́ yín kí ẹ tó dárúkọ Griffith.